Ọjọ́ Mẹ́rin Òjò ní Àgbádárìgì

Wọ́n ní kí ẹni tó bá rìnrìn àjò nígbà ìsinmi àwọn ọmọ wá ròyìn nínú ìwé yìí. Mo ti lọ, mo ti dé, aṣọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni.

Ìparí oṣù keje ni, nígbà tí àwọn iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sáà kẹta. Àwa mẹ́jọ la gbéra láti Ìdímù: Ìyá wa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ọmọ rẹ̀, èmi àti ìyàwó mi, àkọ́bí mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àti àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìdímù mọ̀ pé a ò ní òkun. Omi tí a ní ni ti gọ́tà, tí ọ̀nà Ìkọ̀tún máa ń di odò nígbà tí òjò bá ti rọ̀ fún wákàtí kan. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ orúkọ Olókun nínú ìwúre láràárọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fojú kan òkun rí. Ìyá ló ní dandan ni ká lọ. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ òun kan omi òkun lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun kí Olókun lójú àwọn ọmọ-ọmọ òun, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

A wọkọ̀ ní Ìdímù, ó di Ìkọ̀tún, ó di Ìgándò, a gba iwájú LASU já sí Ìyànà Ìbà. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà yẹn kò ṣeé ròyìn tán: Ọ̀kọ́kọ́máikò, Ìjánìkin, Agbárá, Mòrógbó, kòtò ń kí kòtò. Ìyá ò sọ nǹkan kan, àfi nígbà tí ọkọ̀ bá ta gìrì, á ní, “Ògún o!” Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Àgbádárìgì báyìí, òjò ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sí mi lórí.

Ilé àna ẹ̀gbọ́n mi la dé sí, ilé kan tó kọjú sí ọ̀sà, kò jìnnà sí Marina. Tí o bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, o máa rí Gbẹ̀rẹ̀fù ní òdìkejì, pẹ̀lú igi àgbọn tó tò lọ bẹẹrẹ. Òkun wà lẹ́yìn àwọn àgbọn yẹn. Lóru, tí òjò bá dákẹ́ díẹ̀, a máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Láti dé ibẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà, kó wá fẹsẹ̀ rin iyanrìn. Ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n gbé àwọn ẹrú gbà láyé àtijọ́.

Ọjọ́ kìíní, òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àwọn ìbejì sunkún. Àkọ́bí mi ń tẹ fóònù títí tí bátìrì fi kú, iná ò sì sí. Ìgbà yẹn ni Ìyá ní kí n lọ gbé nǹkan tó wà lábẹ́ àpò aṣọ òun wá. Ọpọ́n ayò ni! Èmi tí mo ru àpò yẹn láti Ìdímù, mo rò pé aṣọ ló wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ihò méjìlá, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Àwọn ìbejì tí wọn ò fẹ́ ṣe ìṣirò nílé bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ ayò kí wọ́n tó ta. Ìyá jẹ wọ́n, ó jẹ ìyàwó mi, ó jẹ èmi náà. Ó ní òpè ni gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló bá a dé ibi tó lérò, nítorí ọ̀ta lòun náà, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu jù. Àgbàdo sísun àti àgbọn la jẹ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú a pàlọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ní òun náà ní àlọ́: kí ló ń lu òrùlé wa láti àárọ̀ tí kò lọ́wọ́? A ṣe bí ẹni pé a ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ààrá sán, a ní “Kábíyèsí!” gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ ilé tó wà pẹ̀lú wa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò di wínníwínní. Iyanrìn iwájú ilé ti rọ̀, ó ń gba ìlà dáadáa. Mo ní kí àwọn ọmọ wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kọ́ wọn ní orúkọ ojú Odù mẹ́rìndínlógún, láti Èjì Ogbè dé Òfún Méjì. Ẹ̀gbọ́n mi bínú. Ó ní Ifá kì í ṣe eré òjò. Mo ní a ò dá Ifá, orúkọ là ń kọ́. A fẹ́ẹ̀ jà lórí ẹ̀. Ìyá ló dá wa lẹ́kun: ó ní ọmọ tí kò mọ orúkọ bàbá ẹ̀, ta ni yóò rán an níṣẹ́ nílé? Ó ní kí n máa kọ́ wọn lọ, ṣùgbọ́n kí n pa gbogbo ìlà rẹ́ tí a bá ti ṣe tán, kí ẹnì kankan má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo gbà pé ohun tí mi ò rò nìyẹn. Àkọ́bí mi ló rí i fúnra rẹ̀ pé níbi tí Ìwòrì bá ti ní ìlà méjì, ẹyọ kan ni Òdí ní, àti pé ibi tí Ìwòrì ti ní ẹyọ kan, méjì ni ti Òdí. Ẹnì kankan ò sọ fún un.

Lọ́sàn-án, a fi ọ̀rá borí, a rìn wọ ìgboro. Ẹ̀yin tí ẹ máa lọ, ẹ má torí òjò jókòó sílé o, ohun tó wà nínú ìlú yẹn pọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì ní òrùlé. A wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845. Ilé àwọn oníwàásù ni, ṣùgbọ́n òjò ò béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. A wọ ilé Sẹ̀rìkì Abass níbi tí wọ́n ti ń há ẹrú mọ́. Òun fúnra rẹ̀, wọ́n ti tà á lọ sí Brazil nígbà tó wà ní kékeré kó tó padà wá di olówó ẹrú. A wo ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ilé Mobee. Àwọn ìbejì fọwọ́ kàn án, wọ́n sì dákẹ́.

Ọjà Vlekete ló dá wa dúró. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri ṣàlàyé pé òrìṣà òkun àti afẹ́fẹ́ ni Vlekete, pé ibi ojúbọ rẹ̀ ni ọjà náà ti gba orúkọ, àti pé níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tà wọ́n. Àkọ́bí mi yíjú sí Ìyá. Ó ní, “Ìyá Àgbà, ṣé òrìṣà ò rí wọn ni?”

Ẹ̀yin ẹbí, mi ò mọ ohun tí mi ò bá sọ. Ìyá dúró pẹ́ nínú òjò náà. Ó wá ní, “Èèyàn ló tà wọ́n, ọmọ mi. Èèyàn bíi tèmi tìrẹ, tó ń bọ òrìṣà bíi tèmi tìrẹ.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà ò béèrè mọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò tíì gbà. Lálẹ́ mo sọ fún wọn pé ní Salvador, ní Brazil, ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún ni àwọn èèyàn máa ń gbé òdòdó àti ẹ̀bùn lọ fún Yemọja létí òkun. Ìyá ní ìdí tí òun fi fẹ́ dé etí omi nìyẹn. Olókun nìkan kọ́ lòun ní láti kí níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago méjì, òjò dá. Ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ bá ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ wà, ọkùnrin náà ṣe tán, ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbéni léfòó kò ju márùn-ún lọ, kò sì sí tọmọdé nínú ẹ̀. Àwa mẹ́jọ. LASWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà omi l'Ékòó, ti sọ jákẹ́ẹ̀tì di dandan fún gbogbo ẹni tó bá wọkọ̀. Ojú ọ̀run ṣì dúdú níhà òkun, ìgbà òjò sì ni ìgbì máa ń le jù létí òkun wa. Mo ní a ò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí Ìyá àti àwọn àgbà lọ, kí àwọn ọmọ dúró. Ìyá ní tí àwọn ọmọ ò bá lọ, kí lòun ń lọ ṣe? Ó jókòó sórí òkúta, ó da obì tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀. Ó wò ó dáadáa. Kò sọ ohun tó rí fún wa. Ó kàn ní ká fún ọlọ́kọ̀ lówó omi, kó máa lọ.

Òjò ò sì rọ̀ mọ́ títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Ó ní ẹ̀rù mi ló gba òkun lọ́wọ́ Ìyá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́.

Ní etí ọ̀sà níbẹ̀ ni Ìyá ti kí wọn. Ó ní omi yìí náà ń lọ síbẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní kí ẹnì kan bá òun mú igbá. Kí n tó na ọwọ́, àkọ́bí mi ti gbà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: ọmọ yìí ni kì í fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níléèwé mọ irú ilé tó ti wá, òun ló máa ń tọ́jú ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sínú àpò kó tó dé ẹnu géètì. Ó di igbá náà mú títí Ìyá fi ṣe tán, ó sì ń dáhùn àṣẹ. Orúkọ àwọn tí a mọ̀ nínú àwọn baba wa ni Ìyá ń pè. Nígbà tí ó pè é tán, ọmọ náà ní, “Àti àwọn tí a ò mọ orúkọ wọn.” Ìyá ní àṣẹ.

Ọjọ́ kẹrin, nínú òjò la fi padà sílé.

Ìyá ní a máa padà lọ nínú ọyẹ́, nígbà tí òkun bá rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dá owó jọ, ó sì ti ní jákẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ lòun máa kọ́kọ́ rà, méjì nínú ẹ̀ fún ìbejì. Àyè ṣì wà fún ìdílé méjì tàbí mẹ́ta láti bá wa lọ. Kí ẹ gbé ọpọ́n ayò yín dání o, nítorí ọmọ ayò méjì ti sọ nù nínú tiwa. 46 ló kù, àwọn ìbejì ò sì gbà pé àwọn ló sọ wọ́n nù.