Mísò, Irú àti Ẹja Òkú Èkó

Ẹni tí ó bá ń gbé ilé olókè ní Navy Town, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Ọ̀jọ́, yóò mọ̀ pé òórùn ọbẹ̀ ni a fi ń mọ ará ilé ara wa níbẹ̀. Àwọn ológun ojú omi àti ìdílé wọn wá láti gbogbo igun Nàìjíríà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ogiri àwọn Ìgbò a máa rùn láti ilé kan, dàdàwá àwọn Haúsá a máa dá a lóhùn láti òmíràn, irú tiwa náà kò sì ní gbẹ́yìn. Àwọn ọmọdé a máa di imú. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá fi irú se ọbẹ̀ lónìí, òun ni wọn yóò fi ṣẹ̀sín títí di ọ̀la. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ ìyá pa irú tì, wọ́n yà sọ́dọ̀ Magí. Èmi kò lè yà ní tèmi, nítorí owó irú ni ìyá mi fi rán mi ní ilé-ìwé.

Àbúrò mi kan tí ó ń bá ọkọ̀ ojú omi rìn ni ó mú mísò wọ ilé wa, nínú ike kékeré kan. Ó rí pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ bí irú pẹ̀tẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti oyin tó ti pẹ́. Àwọn ọmọ mi, tí kì í fẹ́ kí n se irú níṣojú ọ̀rẹ́ wọn, ń yọ̀ mọ́ ọn bí ẹni tí ó rí wúrà he. Ohun tí ó mú mi kọ àròkọ yìí nìyẹn.

Ẹ̀wà sóyà ni àwọn ará Jàpáànù ń sè títí yóò fi rọ̀. Wọn a gún un, wọn a pò ó mọ́ iyọ̀ àti kójì, èyíinì ni ìrẹsì tàbí ọkà báálì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó bu. Wọn a wá dé e mọ́ inú àgbá. Mísò funfun lè tó jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀; èyí tí ó pupa a máa lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọn a máa fi í pa ẹja sámọ́nù lára kí wọ́n tó yan án. Sámọ́nù tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, láti òkun tútù ni, láti irú ilẹ̀ Norway tí okporókó ti ń wá. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó olùkọ́. Ìyànà Ìbà ni mo lọ, mo ra títùsì, ẹja oníyìnyín tí àwọn àgbà ń pè ní òkú Èkó. Òun náà lọ́ràá, ọ̀rá yẹn sì bá iyọ̀ inú mísò mu. Mo po ṣíbí ìjẹun mẹ́ta mísò mọ́ ọ̀kan oyin, ìdajì ṣíbí ata ilẹ̀ lílọ̀, òróró díẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ọtí ìrẹsì aládùn ni àwọn tí ó ni í ń lò. Oyin àti ọsàn ni mo fi dípò rẹ̀. N kò fi iyọ̀ sí i, nítorí iyọ̀ inú mísò tó o. Mo la ẹja, mo nu ara rẹ̀ gbẹ, mo fi ìdajì èròjà náà pa á lára fún ìdajì wákàtí, mo sì nù ún kúrò kí n tó gbé ẹja lé ẹyín iná. Ìdí rẹ̀ ni pé oyin tètè máa ń jóná, ẹja a sì dúdú lóde nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta kí ó jinná ni mo fi ìyókù kùn ún, tí mo sì dúró tì í títí ara rẹ̀ fi ń dán.

Àwọn ọmọ jẹ ẹ́, wọ́n lá ọwọ́. Mo ní ìbátan irú ni wọ́n jẹ. Wọ́n ní irọ́ ni.

Ìbátan ni wọ́n lóòótọ́, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan. Ọmọ ìyá irú gan-an ní Jàpáànù ni nátò, sóyà tí wọ́n ń bò láìfi iyọ̀ sí i, tí kòkòrò àìfojúrí tí a ń pè ní Bacillus subtilis, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú irú, ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kójì a máa sọ ìrẹsì di adùn. Bacillus ní tirẹ̀ a máa tú ẹran ara ẹ̀wà palẹ̀, ibẹ̀ sì ni òórùn tí a ń sá fún ti ń jáde. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni wọ́n ń mú adùn kan náà wá. Ní ọdún 1908, ọ̀mọ̀wé Kikunae Ikeda ní Tokyo yọ adùn yìí jáde láti inú ewé òkun. Ní 1909 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní orúkọ Ajinomoto. (Ọdún 1908 kan náà ni ìtàn sọ pé a kọ́kọ́ gbin sóyà ní Moor Plantation n'Ìbàdàn.) Ohun tí a pa irú tì tí a lọ ń rà nínú ọ̀rá, inú irú ni ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Mo wá fi irú pẹ̀tẹ̀ dán ẹja kejì wò. Mo kọ́kọ́ yan irú náà díẹ̀ nínú agbada gbígbẹ kí òórùn rẹ̀ lè rọlẹ̀, mo lọ̀ ọ́ mọ́ àlùbọ́sà, mo fi oyin àti ata ilẹ̀ sí i, mo sì bu iyọ̀ sí i, nítorí irú kò ní iyọ̀ bí mísò. Ó le lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ jù. Àkọ́bí mi gbà pẹ̀lú mi, àwọn yòókù kò gbà.

Mo gbé mísò fún ìyá mi tọ́ wò. "Ẹ gbọ́, Màmá, ọdún kan ni wọ́n fi bo èyí."

"Ọdún kan! Ṣé wọ́n gbàgbé rẹ̀ ni?"

Oru méjì tàbí mẹ́ta ni tiwọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti se hóró irú láti alẹ́ di òwúrọ̀, tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tẹ èèpo rẹ̀ kúrò, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n tún un sè. Nínú ilé wa, àwọn nìkan ni ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ náà. Nítorí pé igi irú ti ń ṣọ̀wọ́n, wọ́n ní kí n ra kóńgò sóyà kan. Ògiri ilé wa kò nípọn, nítorí náà ẹ̀yìnkùnlé ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbà ni a ti lọ dáná. Àkọ́bí mi ni ó bó o, tí ó fọ̀ ọ́, tí ó fi ewé bò ó sínú igbá. Ní òru kejì ó bi ìyá àgbà rẹ̀ bóyá òun lè ṣí i wò. Wọ́n ní kò tí ì yá.