Ṣọ́ọ̀kì Wo Ni Ká Rà fún GTI Tó Ń Kó Ẹja?

Ẹni tó bá dàgbà ní Ìkòròdú kò ní ṣàìmọ Golf 3. Kí Corolla tó gba gbogbo títì, òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rówó máa ń kọ́kọ́ fojú sí. Volkswagen kò sì ṣàjèjì sí Èkó: ilé iṣẹ́ wọn ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 1975, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti to púpọ̀ nínú àwọn Ìjàpá tí àwọn bàbá wa gùn. Èyí tó wà nílé wa kò ti Ọ̀jọ́ wá o. Tòkunbọ̀ ni, 1995 ni wọ́n ṣe é, GTI sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí GTI jẹ́ fún ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ mọ́tò kò ká lára. Láti 1976 ni Volkswagen ti ń mú Golf, ọkọ̀ kékeré tí ìdílé fi ń lọ sọ́jà, tí wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára sí i, tí wọ́n sì ń mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, kí ó má baà máa fì tí wọ́n bá ń sáré ya kọ́nà. Tiwa ní ẹ́ńjìnnì lítà méjì, agbára ẹṣin 115. Sípíríǹgì rẹ̀ kúrú, ó sì le ju ti Golf lásán lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ eré ìje yìí, ẹja ló ń kó. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi ti ń ra ẹja, Ìkòròdú ló ti ń tà á. Kúlà ńlá méjì á wọ búùtù, ọ̀kan á wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, yìnyín á kún inú wọn. Owó tí mo fi ń sanwó ilé ìwé, inú àwọn kúlà yẹn ló ti ń jáde. Láàárọ̀ Sátidé, èmi ni mo máa ń wà á lọ wà á bọ̀.

Nígbà òjò tó kọjá ni ẹ̀yìn ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Tó bá bọ́ sí gegele kan, á lọ sókè, á wálẹ̀, á tún lọ sókè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sinmi. Táyà ẹ̀yìn jẹ wúruwùru, ibì kan ga, ibì kan rẹlẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọ̀bẹ gé e díẹ̀díẹ̀. Iwájú náà ń dún kó-kó-kó tí mo bá yí ìdarí. Ní ìdájí ọjọ́ kan, a ti kọjá Ìtoìkín, à ń padà bọ̀ nílé, ẹrù kún, típà oníyanrìn kan ń bọ̀ níwájú. Mo bọ́ sórí ibi tí ọ̀dà ti ṣẹ́ wẹ́wẹ́ ní kọ́nà, ìdí ọkọ̀ fò, ó sì sún sí ọ̀nà típà. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Eré tí mo ń sá kò tó nǹkan. Ìyá mi kò sọ ọ̀rọ̀ kankan títí a fi dé Ìmọ̀tà. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ohun tó ní ni pé, “Nǹkan yẹn, a máa tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí.”

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì ìtumọ̀ á rántí ọjọ́ tí a jiyàn lórí ohun tó yẹ ká máa pe ṣọ́ọ̀kì ní Yorùbá. Orúkọ tí Òyìnbó fún un ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Ó jọ pé òun ló ń gbé ẹrù, òun ló ń gba ìlù kòtò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì ló ń ru ọkọ̀, òun náà ló ń gba ìlù. Àmọ́ ohunkóhun tí o bá tẹ̀ tó jẹ́ sípíríǹgì, á fẹ́ ta padà, á fẹ́ máa jó lọ. Ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ fún un pé ó tó. Bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì wa, tí kò wọ kíláàsì ìtumọ̀ rí, sọ ọ́ dáa ju gbogbo wa lọ: “Sípíríǹgì ni onílù, ṣọ́ọ̀kì ni ẹni tó gbé ọwọ́ lé awọ ìlù.”

Nínú agolo gígùn yẹn, ọ́ìlì ló wà. Ọ̀pá irin dídán kan ń wọlé, ó ń jáde, pístìnnì tó wà lórí rẹ̀ ní ihò wínníwínní, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gba ihò yẹn kọjá kí ọ̀pá tó lè rìn. Bí ọ́ìlì bá ti jò tán, tàbí tí ohun tó ń dé ihò náà ti jẹ, ọ̀pá á máa rìn bó ṣe wù ú, táyà á sì máa kúrò lórí ilẹ̀. Táyà tí kò fara kan ilẹ̀ kò lè dúró tí o bá tẹ bíréèkì, kò sì lè yà síbi tí o yí i sí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀kì wà fún ìgbádùn ìdí nìkan, kò tíì wa ọkọ̀ tó ti kú ṣọ́ọ̀kì lójú òjò.

Nílé, ẹnu kò kò. Bàbá mi ní ká lọ ra tòkunbọ̀ mẹ́rin. Ìdí rẹ̀ ni pé ara Jámánì ni ọkọ̀, irin Jámánì tó ti lò díẹ̀ sàn ju tuntun tí a kò mọ bàbá rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ pé pupa tó wà létí gíríìlì GTI yẹn ni ìfẹ́ rẹ̀ sí ọkọ̀ náà, ní ká ra sípíríǹgì tó tún kúrú sí i pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu, kí ọkọ̀ lè sún mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó ti rí àwòrán lórí fóònù. Owó ìyá mi la sì máa ná.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ti bàbá mi, torí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ṣe. Èmi àti bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Onítọ̀hún gbé ṣọ́ọ̀kì kan kalẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní, “Ẹ wò ó bó ṣe le, ṣebí ẹ̀yin náà rí i.” Ọwọ́ títẹ̀ yìí kò fi nǹkan púpọ̀ hàn. Agbára ọwọ́ ènìyàn kéré, ìwọ̀nba sì ni bí ó ṣe yá tó. Ìgbà tí ọkọ̀ tó tó tọ́ọ̀nù kan bá já sí kòtò ni ṣọ́ọ̀kì ń ṣe iṣẹ́ gidi. Bọ̀ọ̀dá kò tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó fi èékánná ha ara agolo náà níbi tó sún mọ́ ọ̀pá. Ọ̀dà dúdú bó, ọ́ìlì tó ti gbẹ mọ́ eruku wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti nù ún, wọ́n ti kùn ún. Ó rọra gbé e padà fún ọkùnrin náà, ó ní, “Ẹ ṣeun, ọ̀gá, à ń bọ̀.” A kò padà lọ.

Kì í ṣe pé gbogbo tòkunbọ̀ ló burú. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, gíà tòkunbọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì jẹ́ ohun tó ń jẹ bí táyà. Ẹni tó tú u lára ọkọ̀ rẹ̀ nílùú Òyìnbó lè jẹ́ pé torí ó ti jẹ ló ṣe tú u. Owó tòkunbọ̀ mẹ́rin kò sì ju owó tuntun méjì lọ. Tí méjì nínú mẹ́rin yẹn bá kú láàárín oṣù mẹ́fà, owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ti gbé èrè lọ.

Ti ẹ̀gbọ́n mi, ìfẹ́ ni, mi ò bú u. Ó yẹ kí ó mọ̀ pé GTI ti sún mọ́lẹ̀ ju Golf tó kù lọ láti ilé iṣẹ́ wá. Tí a bá tún gé e kúrú, àyè tí ṣọ́ọ̀kì fi ń rìn á dín kù, á sì máa gbá rọ́bà ìdádúró lórí gbogbo kòtò. Ẹ wá fi kúlà mẹ́ta àti yìnyín lé e, kí ẹ sì gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ lọ. Bilstein ní B8, tí wọ́n ṣe kúrú fún ọkọ̀ tí wọ́n ti rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ní B6 fún sípíríǹgì tó wà ní gíga rẹ̀. Ohun tó dáa ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n le, wọ́n sì wọ́n.

Àwọn kan náà wà tó ní ká ra ti Golf lásán, tó rọ̀, kí ìdí lè sinmi. Èyí gan-an ló fẹ́ tàn mí jẹ. Bọ̀ọ̀dá ló ṣàlàyé pé sípíríǹgì tó le máa ń fi agbára ta padà, ṣọ́ọ̀kì tó rọ̀ kò ní lè mú un. Ohun tí à ń wá kò gbọdọ̀ rọ̀ ju sípíríǹgì lọ, kò sì gbọdọ̀ le débi tí táyà á máa fò lórí ọ̀dà tó ti ṣẹ́. Nítorí náà, a wá tuntun, ti gíga ilé iṣẹ́, tí wọ́n kọ nọ́ńbà GTI sí lára, olóìlì tó ní gáàsì díẹ̀ nínú. Sachs ti Jámánì, KYB ti Japan àti Monroe ti Amẹ́ríkà ń ṣe irú rẹ̀. Gáàsì yẹn kì í gbé ọkọ̀ sókè o, bí àwọn kan ṣe máa ń sọ. Ńṣe ló ń tẹ ọ́ìlì mọ́lẹ̀ kí ó má baà hó bí ọṣẹ nígbà tó bá gbóná.

Owó méjì ló wà lọ́wọ́. Ṣé iwájú ni àbí ẹ̀yìn? Bọ̀ọ̀dá ní iwájú, nítorí bíréèkì. Èmi ní ẹ̀yìn, nítorí ẹ̀yìn ló ń jò, òun ló ń gbé ẹja, òun ló sì fẹ́ gbé wa fún típà. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni pé a kò ní ra ọ̀kan ṣoṣo fún ẹ̀gbẹ́ kan láé, torí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ le, tí tòsì rọ̀, á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. A ra méjì ẹ̀yìn.

Mo jókòó ti iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa jókòó tì í. Ṣọ́ọ̀kì tuntun ti dùbúlẹ̀ nínú páálí fún ọjọ́ pípẹ́, gáàsì ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Bọ̀ọ̀dá gbé e dúró, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé pátápátá, ó fà á jáde, bíi ìgbà márùn-ún, kí ó tó dè é. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi páláyà di ọ̀pá dídán náà mú kí nọ́ọ̀tù orí lè yí. Bọ̀ọ̀dá pariwo mọ́ ọn débi tí adìyẹ fò. Tí páláyà bá fi ara ọ̀pá yẹn ha, ojú ibi tó ha náà á máa gé rọ́bà ẹnu rẹ̀ gbogbo ìgbà tó bá wọlé, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò láàárín oṣù díẹ̀, wọn á wá ní ṣọ́ọ̀kì ló jẹ́ ayédèrú. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ìdádúró àti ìbòrí eruku. Nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀, ìgbà tí ọkọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì, tó ti dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ni wọ́n tó fún un pa, kí rọ́bà inú rẹ̀ má baà lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà la ra ti iwájú, pẹ̀lú máúǹtìn orí rẹ̀ méjèèjì. Àwọn yẹn ló ń dún kó-kó-kó. Ti iwájú ní iṣẹ́ kan lé: nọ́ọ̀tù méjì tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ìdí táyà ló ń pinnu bí táyà ṣe dúró ṣánṣán sí, nítorí náà a tààrà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń to táyà.

Ọkọ̀ náà ṣì le lábẹ́ ìdí o, GTI ni. Tó bá bọ́ sí kòtò báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ló ń lọ sókè, tó ń wálẹ̀, tó ń dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń fi àwòrán sípíríǹgì kúkúrú hàn wá lórí fóònù. Ìyá mi ti dá a lóhùn pé tó bá ti fẹ́ kí ọkọ̀ sún mọ́lẹ̀ ju báyìí lọ, kí ó kọ́kọ́ wá ẹni tí á máa ru kúlà láti Ẹ̀pẹ́.