Ìyá Bọ́lá àti Dàpọ̀ Tó Ti Quito Dé

ÌYÁ BỌ́LÁ: Dàpọ̀, sún mọ́bí. Látọjọ́ tó o ti dé sí Mówè yìí, kò sí ẹni tó wá ra gàrí lọ́wọ́ mi tí kì í bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé níbi tí àbúrò mi wà, èèyàn kì í rí afẹ́fẹ́ mí. Mo ní n ò mọ̀. Bí o bá pè mí lórí fóònù, “Ẹ̀gbọ́n mi, a dúpẹ́” lásán ni.

DÀPỌ̀: Afẹ́fẹ́ wà, ẹ̀gbọ́n mi. Kò kàn tó ni. Quito, olú ìlú Ẹ́kúádọ̀, fi 2,850 mítà ga ju òkun lọ. Olúmọ tí à ń fi yangàn l'Ábẹ́òkúta, 137 mítà ni ṣóńṣó rẹ̀. Bí ẹ bá to ogún Olúmọ léra wọn, ẹ ò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé tí mo gbé.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Kí ló gbé ọ débẹ̀? Ṣé ẹyẹ ni ọ́?

DÀPỌ̀: Ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ọ́síjìn tí à ń rí fà símú níbí, bí ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀ lẹ máa rí níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo gun àtẹ̀gùn ilé, mo jókòó sí àárín rẹ̀, àyà mi ń lù kìkìkì. Màmá àgbàlagbà kan tó gbé àpò ọ̀dùnkún sẹ́yìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kí mi dáadáa, kò tilẹ̀ mí hẹlẹ. Ojú tì mí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Brazil pàápàá mọ̀ ọ́n lára: lọ́dún 2001, Agustín Delgado, agbábọ́ọ̀lù Ẹ́kúádọ̀, gbá ọ̀kan wọ ilé wọn ní Quito, ibẹ̀ ni wọ́n fà á sí. Nígbà tó di 2007, FIFA ní kí wọ́n má gbá ìdíje àgbáyé mọ́ níbi tó bá ga ju 2,500 mítà lọ. Ariwo wá pọ̀ títí wọ́n fi yí i padà.

ÌYÁ BỌ́LÁ: N ò bi ọ́ ní bọ́ọ̀lù. Kí lò ń jẹ?

DÀPỌ̀: Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ bá mi jà. Mo gbé e kaná láàárọ̀, ó dọ̀sán, ó le gbagidi. Mo rò pé ayédèrú ẹ̀wà ni wọ́n tà fún mi. Omi ń hó, ẹ̀wà ò rọ̀. Ìyàwó onílé ló bá mi níbi ìdáná, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Omi ibẹ̀ kì í gbóná tó tiwa kó tó hó. Tiwa á dé 100, tiwọn á ti máa hó ní bíi 90, nítorí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, kò tẹ omi mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ta iná sí i títí di ọ̀la, kò ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkòkò tí wọ́n ń dé pa, tó máa ń súfèé, ni wọ́n fi ń se ẹ̀wà.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Gáàsì á ti jẹ gbogbo owó oṣù tán.

DÀPỌ̀: Gáàsì kẹ̀? Sílíńdà kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, dọ́là kan àti ọgọ́ta sẹ́ńtì ni iye tí ìjọba fi lé e. Mọ́tò tó ń tà á á máa fọn fèrè kiri àdúgbò, ẹ ó kàn sọ̀kalẹ̀ lọ pààrọ̀ tiyín. Ìjọba ló ń san ìyókù.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Dọ́là kan àti...? Owó yẹn ò lè ra kílò mẹ́ta níbí! Kí lo wá ń bọ̀ wá ṣe?

DÀPỌ̀: Ẹ̀fọn ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Òtútù òkè ò jẹ́ kó pọ̀ níbẹ̀. N ò ta nẹ́ẹ̀tì rí, ibà ò ṣe mí. Fáànù ò sí nílé ẹnikẹ́ni.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Mo ní kí lo ń bọ̀ wá ṣe?

DÀPỌ̀: A ó débẹ̀. Ẹ gbọ́ ti owó ná. Wọn ò ní owó tara wọn. Lọ́dún 1999 ìjọba ti báńkì pa, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí owó aráàlú. Owó wọn, sucre, ń ṣubú títí ó fi di 25,000 sí dọ́là kan. Nígbà tó di oṣù Kínní 2000, ààrẹ wọn, Jamil Mahuad, ní kí wọ́n kó o dànù, dọ́là Amẹ́ríkà ni wọn ó máa ná. Oṣù yẹn ò tán tí wọ́n fi lé òun náà lọ, àmọ́ dọ́là dúró. Bẹ́ ẹ bá ra búrẹ́dì, dọ́là. Bẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀, dọ́là. Dọ́là onírin kan tiẹ̀ wà tó ní àwòrán obìnrin tó pọn ọmọ. Ó pọ̀ lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, àwọn Amẹ́ríkà tó ṣe é kì í fi bẹ́ẹ̀ ná an.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ó pọn ọmọ dáadáa? Pẹ̀lú ọ̀já?

DÀPỌ̀: Orí ọmọ ló yọ léjìká. N ò rí ọ̀já.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Wọ́n ní ẹ máa ń jẹ eku.

DÀPỌ̀: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹran kékeré kan ni, ó jọ òkété, inú ilé ni wọ́n ti ń sìn ín. Wọ́n á yan án lódindi pẹ̀lú eyín ẹ̀ níta gbangba. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jẹ òkété, ẹnu yín ò gbà á. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀, pákí pọ̀, ìrẹsì pọ̀. Kò sí èlùbọ́.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ó tì o. N ò lè gbébẹ̀.

DÀPỌ̀: Ẹ jẹ́ n sọ ti ọjọ́ tí ọdún ń parí fún yín. Látẹ̀yìn Kérésì ni wọ́n ti ń to ère sí etí títì fún títà. Wọ́n á rán ògbólógbòó ṣòkòtò mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ki ìyẹ̀fun igi láti sọ́míìlì sínú ẹ̀, wọ́n á fi bébà lílẹ̀ ṣe ojú fún un. Ojú ààrẹ, ojú olórí ìlú, ojú agbábọ́ọ̀lù tó gbá pẹnáritì sọnù, ojú ọ̀gá tó ń fìyà jẹ wọ́n níbi iṣẹ́. Ọdún Àtijọ́ lorúkọ ère náà.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ère! Lálẹ́ tí àwa wà ní Kámpù ìjọ wa tí à ń fi àdúrà kọjá sọ́dún tuntun!

DÀPỌ̀: Wọn kì í bọ ọ́. Tó bá di agogo méjìlá òru wọ́n á jó o níná láàárín títì, àwọn ọ̀dọ́ á máa fò kọjá lórí iná. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jó o, ó ní láti fi opó sílẹ̀. Ìyẹn ló pa mí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n, tí apá rẹ̀ tóbi bíi ti alágbẹ̀dẹ, á wọ kaba dúdú, á de wíìgì, á kun ètè, á fi bàlúù méjì ṣe ọmú. Òun ni ìyàwó Ọdún Àtijọ́. Òun àtàwọn orogún rẹ̀ á ta okùn dí títì, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá láìdá owó ìsìnkú.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Bíi tàwọn ọmọ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lójú títì Ìbàfò.

DÀPỌ̀: Èmi náà rò bẹ́ẹ̀! Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá takisí wa dúró, mo ti ń ti owó bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Opó kan jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń sunkún, ó ń fi ìdí jó. Òmíràn ti orí bọ ojú fèrèsé, ó ní kí n wá ṣú òun lópó, ọkọ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná tán. Awakọ̀ wa, àgbà ọkùnrin, rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé sítíárìn. Ó fún wọn ní sẹ́ńtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n ju okùn sílẹ̀. Ká tó dé ìkóríta kejì, àwọn opó míì tún wà níbẹ̀.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ọkùnrin nínú aṣọ obìnrin. Ìríra ni níwájú Ọlọ́run.

DÀPỌ̀: Ta ló ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ n'Ímẹ̀kọ? Ṣebí ọkùnrin ni, tó di ìdí bẹ̀ǹbẹ̀, tó gbé ọmú igi sáyà. UNESCO kéde ẹ̀ lọ́dún 2001 pé ìṣúra gbogbo ayé ni. Ẹ ò pe ìyẹn ní ìríra.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Mo pè é! O ò sí nílé ni.

DÀPỌ̀: Ó dáa. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ka ìwé ìpíngún olóògbé. Ọdún Àtijọ́ á pín ogún fún gbogbo ará ilé, yẹ̀yẹ́ pọ́ńbélé ni. Ó fi gbèsè sílẹ̀ fún onígbèsè, ó fi ọṣẹ sílẹ̀ fún ọmọ tí kì í wẹ̀. Lọ́dún kan ó fi kóòtù onírun jogún fún mi, nítorí èmi nìkan ni mò ń wọ súwẹ́tà sùn.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Wọ́n mọ̀ ọ́ dáadáa. Òtútù ti ń ṣe ọ́ láti kékeré.

DÀPỌ̀: Bí agogo bá ti lù, wọ́n á jẹ èso àjàrà méjìlá. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò lọ́dún tuntun á gbé àpótí onítáyà òfìfo, á sáré yí àdúgbò ká. Ẹ ó rí bàbá, ìyá, ọmọ, tí wọ́n ń wọ́ àpótí gbàràgbàrà lórí òkúta.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí kò tó yẹn? ... Ìwọ náà gbé e?

DÀPỌ̀: Mo gbé e.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Dàpọ̀! Ọmọ tí a fi omi Jésù wẹ̀!

DÀPỌ̀: Tí wọ́n bá ní ká gbé páásípọ́ọ̀tù sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbí ńkọ́?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ìgbàgbọ́ nìyẹn! Má fi ṣe àpótí òfìfo. Ohun tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù yàtọ̀.

DÀPỌ̀: Kò sí nǹkan kan nínú tèmi nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí tí mo fi lè débẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù Kẹfà 2008, lábẹ́ ààrẹ Rafael Correa, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọn ò béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láyé. Àwa ọmọ Nàìjíríà gbọ́, a ya lọ. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2010 wọ́n tì í mọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, tiwa wà nínú ẹ̀. Mo ti wọlé kí wọ́n tó tì í, mò ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń yà mí lẹ́nu títí dòní ni pé, ibi tá a sá wá, àwọn onílé ibẹ̀ ló ń gbé àpótí sáré yí àdúgbò ká kí wọ́n lè kúrò. Lẹ́yìn tí báńkì kú ní 1999, wọ́n kó lọ sí Sípéènì àti Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ yanturu. Ọmọ ìyàwó onílé mi méjèèjì wà ní Madrid. Ó ń wò mí bí ẹni tó ṣìnà.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Àwọn tẹ́ ẹ jọ lọ ńkọ́?

DÀPỌ̀: Ọ̀pọ̀ ò ní in lọ́kàn láti gbé Quito. Ọ̀nà Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe. Wọ́n á gba Kòlóḿbíà, wọ́n á wọ igbó Darién tó já sí Panamá. Igbó yẹn ò ní títì. Odò ń gbé èèyàn lọ, olè ń dá wọn lọ́nà. Àwọn kan pè mí láti òdìkejì. Àwọn kan ò pè.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Hẹ̀n. Físà yẹn, ṣé wọ́n ti mú un kúrò?

DÀPỌ̀: Wọn ò mú un kúrò. Ìlú náà sì ti yí padà. Ní oṣù Kínní 2024, àwọn oníbọn ya wọ ilé tẹlifíṣàn kan ní Guayaquil nígbà tí ètò ń lọ lójú gbogbo ayé. Ààrẹ Noboa kéde pé ogun abẹ́lé ni àwọn ń bá àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn jà. Mo fọ́wọ́ ara mi di ẹrù. Kí lẹ ń bi mí fún?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Kò sí nǹkan kan.

DÀPỌ̀: Ẹ̀gbọ́n mi.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Bọ́lá ni. Ó ní ẹnì kan n'Ífọ̀ fẹ́ bá òun ṣe é. Wọ́n ní Ẹ́kúádọ̀ lọ́nà tó rọrùn jù.

DÀPỌ̀: Ó ti sanwó?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Mo bá a san díẹ̀. Mo rò pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀ nígbà yẹn, o ò tíì sọ pé ò ń padà. Má wò mí bẹ́ẹ̀! Ta ló ń sọ lórí fóònù pé “a dúpẹ́, a dúpẹ́”?

DÀPỌ̀: Nọ́ńbà ẹni yẹn dà?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ó wà lórí fóònù Bọ́lá. Á dé láti Ìfọ̀ lálẹ́ yìí. Ìwọ ni kó o bá a sọ ọ́, n ò ní sọ ọ́. Kó o sì sọ ti Darién kó o tó sọ ti gáàsì olówó pọ́ọ́kú yẹn.