Kíróṣéè: Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí Kì í Dúró De Iná Mọ̀nàmọ́ná

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ máa ń kún jù lọ. Aṣọ òkìrìkà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá lọ síbẹ̀. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe aṣọ tuntun ni orúkọ ọjà náà ti wá. Kì í ṣe Aswani nìkan ló wà lágbègbè náà nígbà kan rí. Ilé iṣẹ́ Afprint náà wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Oṣòdì sí Àpápá. Iná mọ̀nàmọ́ná tí kò dúró, epo tó wọ́n gógó àti aṣọ ilẹ̀ òkèèrè tó ń ya wọlé wà lára ohun tó sọ ọ̀pọ̀ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ di ahoro ní Nàìjíríà.

Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, píìnì kíróṣéè kan àti òwú ìdì kan kọjá ohun ìṣeré. Iṣẹ́ náà kò bèèrè jẹnẹrétọ̀, kò bèèrè ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ká mọ́ inú ọkọ̀ ní Oṣòdì lè fà á yọ nínú báàgì, kí ó máa bá a lọ. Nígbà ìyàn ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ireland ní ọdún 1845, léèsì tí wọ́n fi kíróṣéè ṣe ni ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀ ń tà láti fi bọ́ ìdílé wọn.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ má tíì ronú aṣọ ìnáwó. Ọ̀nà kan wà tó rọrùn, tó sì ń mú kí ojú aṣọ yọ kókó wẹ́wẹ́ bí ọkà tí a sá sórí ẹní. Oríṣi ojú méjì péré ló ní: kúkúrú àti gígùn.

Fún ojú kúkúrú, ẹ ki píìnì bọ ihò, ẹ fi fa òwú jáde, ẹ tún kọ́ òwú, kí ẹ sì fà á gba inú òrùka òwú méjèèjì tó wà lọ́rùn píìnì. Fún ojú gígùn, ẹ kọ́kọ́ yí òwú mọ́ píìnì kí ẹ tó kì í bọ ihò. Bí ẹ bá ti fa òwú jáde, òrùka mẹ́ta ni yóò wà níbẹ̀. Ẹ kọ́ òwú, ẹ fà á gba inú méjì, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ ta ẹ̀wọ̀n 21. Ẹ fo èyí tó sún mọ́ píìnì jù, kí ẹ ṣe ojú kúkúrú sínú èkejì, gígùn sínú ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Ojú 20 ni yóò jẹ́. Ẹ ta ẹ̀wọ̀n kan, ẹ yí iṣẹ́ náà padà. Láti ibẹ̀ lọ, orí gígùn ni kúkúrú yóò máa bọ́ sí, orí kúkúrú sì ni ti gígùn. Nítorí pé kúkúrú méjì há gígùn mọ́ àárín, gígùn kò ríbi nà sí, ó sì wú síta. Òun ló ń di kókó.

Ohun tó ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lágara jù ni òwú tó fún pinpin, tí píìnì kò fi ríhò wọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ dẹ ọwọ́, kí ẹ sì máa ka ojú ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá pé 20, ẹ tú ìlà náà.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣòro ọjà yóò dé. Oníbàárà yóò gbé fìlà ọmọ tuntun sókè, yóò sì ná an bí ẹni ń ná òkìrìkà. Ṣùgbọ́n ìlà 20 tó ní ojú 20 jẹ́ ojú 400, kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀. Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ fi ń hun suwẹ́tà kì í ṣe ojú kíróṣéè. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe 400 náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, kí oníṣẹ́ kọ iye owó òwú sílẹ̀, kí ó kọ wákàtí tó fi jókòó tì í, kí ó sì fi owó iṣẹ́ kún un kí ó tó dá iye lé ọjà rẹ̀. Òwú nìkan kọ́ ló ń tà.