Fíríìjì Kékeré Tí A Rà Ní Roxy

Bí ẹ bá wọ gbàkà wá sí Adjamé ní Abidjan, etí yín ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹ ti dé. Àwọn ọmọ ọkọ̀ ń pe èrò, àwọn tó ń ti ọmọlanke ń kígbe pé kí ẹ yà, àwọn tó ń ta omi tútù àti bissap inú ọ̀rá ń gba àárín ọkọ̀ kọjá. Wọ́n ní ìpàdé ni ìtumọ̀ Adjamé ní èdè àwọn Ébrié tó ni ilẹ̀. Orúkọ náà bá a mu, torí Júlà, Baoulé, Mossi, Haúsá àti àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ànàgó, gbogbo wa la jọ ń fara gbún ara wa níbẹ̀. Roxy jẹ́ apá kan nínú ọjà yìí. Orúkọ ilé sinimá àtijọ́ kan ló mọ́ àdúgbò náà lára. Bàtà, ìpara, fóònù, ìkòkò, fáànù: ohun tí ẹ kò bá rí ní Roxy, bóyá ẹ kò tíì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó yẹ ni.

Ohun tí àwa wá lọ ni fíríìjì kékeré tó ṣe é gbé rìnrìn àjò. Oṣù Kejìlá ti ń bọ̀, Màmá wa sì fẹ́ lọ lo oṣù mẹ́ta nílé ní Èjìgbò. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé Abidjan dà bí àdúgbò kan lára ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ẹsẹ̀ kan níbí, tí wọ́n ní ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Láti Abidjan dé Èkó nìkan tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Orílẹ̀-èdè 5 ni, ẹnubodè 4, kí a tó wá máa sọ ti Ìbàdàn àti Ìwó.

Màmá ní àtọ̀gbẹ, ó sì ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìgò ínsúlínì tí a kò tíì lò gbọ́dọ̀ wà níbi tó tutù, láàárín dígírì 2 sí 8. Èyí tí a ti ń lò lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ooru ibẹ̀ kò bá ju èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé páálí rẹ̀ lọ. Ooru máa ń ba oògùn yìí jẹ́. Ohun tí àwa kò mọ̀ nígbà náà ni pé bó bá dì, ìyẹn náà ti bà á jẹ́. Ìgbà tó bá yọ́ padà, ojú lè má rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbára lé mọ́.

A kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nínú ìrìn àjò tó ṣáájú. Kúlà lásán la gbé lọ nígbà yẹn. A kó píọ́ wọ́tà tó ti dì gbagidi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì to oògùn Màmá lé e lórí. Ọkàn wa balẹ̀. A rò pé bó bá ṣe tutù tó náà ni yóò ṣe dára tó. Ọjọ́ kẹrin tí a dé Èjìgbò, òùngbẹ kò jẹ́ kí Màmá gbádùn, ó ń tọ̀ ní gbogbo òru, ara rẹ̀ sì rọ. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sókè gan-an. Dókítà béèrè bí a ṣe gbé oògùn wá. A ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ìgbéraga pé kò sí ìgbà kankan tí yìnyín tán nínú kúlà wa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ ti sọ ọ́ di yìnyín nìyẹn." Àwa tí a rò pé a ń tọ́jú ìyá wa, ọwọ́ ara wa la fi ba oògùn rẹ̀ jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí a fi lọ sí Roxy lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú owó àjọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó.

Ọlọ́jà àkọ́kọ́ tí a bá, ọmọkùnrin Júlà kan, kò jẹ́ kí a ṣí ẹnu. "Tantie, ó tutù! Tonton, ó tutù gan-an!" Ó gbé àpótí aláwọ̀ búlúù kan sílẹ̀, ó fúyẹ́, ó mọ́, 35,000 fáráǹkì sẹ́fà péré ló pè é. Irú èyí ni ó pọ̀ jù nínú ọjà. Kò ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Iná ló ń gba inú irin pẹlẹbẹ kan kọjá, tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ á tutù, tí ẹ̀gbẹ́ kejì á gbóná, fáànù kékeré á sì máa fẹ́ ooru náà síta. Ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Peltier ló ṣàkíyèsí ọgbọ́n yìí ní 1834. Ó dára fún mínírà àti oúnjẹ ọjọ́ kan. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ìta bá ṣe gbóná tó ni yóò pinnu bí inú rẹ̀ yóò ṣe tutù tó. Kì í sábà lè lọ ju nǹkan bí dígírì 20 sí ìsàlẹ̀ ooru ìta. Bí inú ọkọ̀ bá jẹ́ dígírì 35 lọ́sàn-án, inú àpótí náà yóò wà ní nǹkan bí 15. Mínírà yóò dùn mu. Ẹja kò ní pẹ́ tó fi máa rùn, oògùn Màmá kò sì sí láàbò.

Bí a ṣe ń kúrò níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa fà wá lápá. Ó ní kí ló dé tí a ń da ara wa láàmú, òun ní ínsúlínì, kò wọ́n. Ó fi hàn wá: ìgò mẹ́ta nínú ọ̀rá, lórí tábìlì, lábẹ́ oòrùn agogo méjìlá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Roxy ti lórúkọ fún títa oògùn ojú títì. Àwọn aláṣẹ ti wọ ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti kó oògùn níbẹ̀ lọ dáná sun, síbẹ̀ tábìlì náà ń padà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lè ra ohun èlò nínú ọjà yìí, ṣùgbọ́n ilé ìtajà oògùn tó ní ìwé àṣẹ, tó sì ní fíríìjì, ni kí ẹ ti máa ra oògùn.

Ọlọ́jà kejì fi èyí tó ń lo gáàsì hàn wá. Ó ní ó lè lo gáàsì, ó lè lo iná ilé, ó sì lè lo iná ọkọ̀. Ojú kọ́kọ́ wọ̀ wá. Ṣùgbọ́n irú fíríìjì yìí gbọ́dọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kí ó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó fẹ́ pàgọ́ ọ̀sẹ̀ kan sí etí òkun Assinie lè rà á, kí ó sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, torí iná ń jó nínú rẹ̀. Kò yẹ ọkọ̀ ojú omi tó ń mì lórí ọ̀sà, kò sì yẹ ọkọ̀ ilẹ̀ tó ń ta gìrìgìrì nínú kòtò.

Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni a ti bá ọmọ ilé pàdé. Ẹ̀gbọ́n kan ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti pẹ́ ní Adjamé ju ọ̀pọ̀ lára wa lọ. Kò sọ pé ọjà òun tutù. Ó fi ìjókòó lọ̀ wá, ó wá béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Kí lẹ fẹ́ gbé sínú rẹ̀? Wákàtí mélòó ni kò ní rí iná? Irú ọkọ̀ wo lẹ ń wọ̀?"

A dá a lóhùn. Ó ní bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ akérò la fẹ́ wọ̀, òun ì bá ní kí a má ra ti oníná rárá. Kúlà tí fóòmù ara rẹ̀ nípọn ì bá tó, bí àpótí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé kọ́ èjìká nígbà abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé. Ohun kan ṣoṣo tí a ó ṣe ni pé kí a fi aṣọ tàbí páálí dí àárín yìnyín àti oògùn, kí wọ́n má fara kan ara wọn. Ó tún ní ọkọ̀ ńlá máa ń lo iná fóòtì 24, àpótí tó jẹ́ ti fóòtì 12 nìkan á jóná níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti jẹ́ pé ọkọ̀ tiwa la ń wà, tí Màmá yóò sì lo oṣù mẹ́ta níbi tí iná kò dúró sójú kan, ó gbé oníkọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ jáde: lítà 18, tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ará Abidjan ń pè ní "France au revoir". Ó ní àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà Ébrié náà ń wá a, torí bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ fẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kì í yé ṣiṣẹ́.

Ó gba bébà, ó ṣírò rẹ̀ fún wa. Bátìrì ọkọ̀ wa jẹ́ 60 Ah. Àpótí 35,000 yẹn ń fa nǹkan bí áńpíà 4 láìsinmi. Bí a bá sùn sójú ọ̀nà fún wákàtí 10, ó ti fa 40 lọ, ọkọ̀ lè má dáhùn láàárọ̀. Oníkọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ náà ń fa bí 4, ṣùgbọ́n bó bá ti tutù dé ibi tí a fi sí, yóò dákẹ́. Bó bá ń ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú 20 nínú wákàtí kan, gbogbo ohun tí yóò fà ní wákàtí 10 kò ní ju nǹkan bí 13 lọ. Ó tún ní bọ́tìnì kan tó máa ń pa á fúnra rẹ̀ kí ó tó mu bátìrì gbẹ.

Owó rẹ̀ ń kọ́? 110,000. A pe Màmá lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, owó tó ra páànù yàrá méjì lẹ fẹ́ kó lé àpótí? Àmù ìyá mi kò mu iná, omi rẹ̀ sì ń tutù." Òótọ́ ni Màmá sọ. Omi tó ń sun jáde lára ìkòkò amọ̀ ni atẹ́gùn ń gbẹ, òun ló ń gbé ooru lọ. Nígbà ọyẹ́ ní Èjìgbò, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, àmù máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìgò oògùn tó ti ń lò lè wà nítòsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè sọ̀kalẹ̀ dé dígírì 8, àwọn ìgò oṣù mẹ́ta kò sì lè gbára lé e. A rán an létí ilé ìwòsàn. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Ẹ ná an dáadáa."

A ná an. Ẹ̀gbọ́n tan án sílẹ̀ fún odindi wákàtí kan kí a tó san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má ra tòkunbọ̀ láìtan án. 95,000 la san, a sì ra tẹmómítà kékeré kan pẹ̀lú rẹ̀ ní 2,500.

Tẹmómítà yẹn ló kọ́ wa lọ́gbọ́n jù. Nígbà tí a délé, a fi fíríìjì náà sí dígírì 2, a gbé ife omi méjì sínú rẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ìsàlẹ̀ ti ń dì létí ife, ti òkè wà ní dígírì 4. Nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ ń sọ tiẹ̀, ìsàlẹ̀ àpótí ń sọ tiẹ̀. Bó bá jẹ́ pé oògùn la kó síbẹ̀ lóru ọjọ́ náà, a ti tún ṣe àṣìṣe àtijọ́ pẹ̀lú owó gọbọi. A gbé e sí 5, a tẹ́ aṣọ ìnura sí ìsàlẹ̀, a wò ó fún òru méjì sí i kí a tó kó oògùn wọlé.

A gbéra ní ìdájí. A gba Noé kọjá sí Elubo, a sun Accra, ibẹ̀ la sì ti rántí pé orí wáyà Abidjan tó ní ẹsẹ̀ roboto méjì kò wọ ihò iná Ghana. Ti Nàìjíríà náà rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ ra orí kejì dání. Ní ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè, a dúró ju wákàtí mẹ́rin lọ nínú oòrùn, ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́. Aṣọ́bodè ní kí a ṣí àpótí. A fi lẹ́tà dókítà àti rìsíìtì oògùn hàn án, ó wo inú rẹ̀, ó ní kí a tètè pa á dé kí ó má baà gbóná. Màmá gbàdúrà fún un. Tẹmómítà wà ní 6.

Àwọn ìgò náà dé Èjìgbò ní pípé. Nígbà tí a máa fi padà sí Abidjan, Màmá ti mọ bí a ṣe ń ka tẹmómítà, láràárọ̀ ló ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Nígbà tí a pè é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní 5 ni. Ó tún ní òun ti fi zobo ọ̀rá méjì sí ẹ̀gbẹ́ oògùn, lókè, kì í ṣe nísàlẹ̀, kí a má dààmú.