KÍ LO RÍ TÓ O FI NÍ KÍ N RA Ẹ́ŃJÌNNÌ?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ ní mọ́tò àgbà nílé, ọ̀rọ̀ yín rèé o! Bí mọ́tò bá ń gbóná, tó ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ, kí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kọ́kọ́ máa ń sọ? "Ẹ́ńjìnnì ti lọ. Ẹ lọ wá owó." Kò tíì bèèrè ọ̀rọ̀, kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, ó ti dájọ́ ikú. Bí dókítà bá ṣe irú èyí sí ọmọ yín ní ọsibítù, ṣé ẹ ò ní gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀?

Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan tó ń ta pùpùrù l'Ókìtìpupa. Opó ni. Píjó 504 onísítéṣọ̀n-wágọ̀nù ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Òun ló fi ń kó pùpùrù àti gàrí lọ sí Ọ̀rẹ̀, níbi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Èkó ti ń pàdé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ọjà, dírẹ́bà a fi kó èrò. Owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta, inú mọ́tò yẹn ló ti ń jáde.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa fi 504 ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò mọ ìtàn ni. Ní ọdún 1975, mọ́tò yìí ló gba ipò kìíní nínú eré ìje Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ló wà á. Eré náà kì í ṣe eré orí ọ̀dà o. Inú eruku, inú ẹrẹ̀, inú gegele àti kòtò ni wọ́n ti ń sá a fún ọjọ́ bíi mélòó kan, mọ́tò tí kò bá gbó kì í dé ilé. Ní 1978, 504 tún gbà á, èyí onílẹ̀kùn méjì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́fà. Jean-Pierre Nicolas, ará Faransé, ló wa ìyẹn. Ọdún 1975 yẹn kan náà, láyé ìjọba Ọ̀gágun Gowon, ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ Píjó ní Kàdúná, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 nílẹ̀ wa. Àwọn òyìnbó ti dẹ́kun ṣíṣe ti sàlúùnù rẹ̀ ní Faransé ní 1983, Kàdúná ṣì ń to tirẹ̀ lọ títí ó fi ré kọjá ọdún 2000. Nítorí náà ẹni tó bá ní 504 tó ń rìn, kì í ṣe páńtí ló ní. Akọni tó dàgbà ló ní.

Àmọ́ akọni náà ń ṣàìsàn. Ó ń gbóná.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ojú rẹ̀ lọ. Ó yọ tẹmosítáàtì sọnù. Ó ní ti ìlú òtútù ni, pé oòrùn ilẹ̀ wa kò nílò irú ẹ̀. Ó gba owó. Mọ́tò ṣì ń gbóná. Ó ní radiétọ̀ ló dí, wọ́n gbé e lọ fọ̀. Ó gba owó. Mọ́tò ṣì ń gbóná. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní tọ́pù-gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, ẹ́ńjìnnì gan-an kò sì dáa mọ́, kí màmá kúkú lọ ra tòkunbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù yẹn ló kan màmá láti kó àjọ, owó ilé-ìwé ló sì ń tìtorí ẹ̀ dá a.

"Kí lo rí tó o fi ní kí n ra ẹ́ńjìnnì?" Màmá bi í.

"Màmá, iṣẹ́ wa ni. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí màmá nínú. Obìnrin tó ń ra ẹ̀gẹ́ nínú oko, tó ń rẹ ẹ́, tó ń mọ ọ́n rìbìtì, tó ń fi èéfín yan án, tó sì mọ èyí tó jinná nínú pùpùrù nípa kíkàn án lásán, wọ́n ní òun ò lè mọ nǹkan! Ó ní kí dírẹ́bà gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan tó ti dàgbà nídìí Píjó.

Bàbá kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó sórí táyà, ó ní, "Ìgbà wo ló máa ń gbóná?"

Dírẹ́bà ní, "Bàbá, bí mo bá ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà, kò sí nǹkan kan. Àmọ́ bí mo bá ti kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ l'Ọ́rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ gèéjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè."

"Bó o bá tún bọ́ sójú ọ̀nà ńkọ́?"

"Á sọ̀ kalẹ̀, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Bí mọ́tò bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ radiétọ̀. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù tó ń fẹ́ ẹ. Mọ́tò tó ń gbóná nígbà tó dúró, tó ń tutù nígbà tó ń sáré, fáànù rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó bá ń gbóná nígbà tó ń sáré tàbí tó ru ẹrù, ìyẹn lẹ lè máa wo radiétọ̀ tó dí, omi tó ń jò, tàbí tọ́pù-gásíkẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè kan ṣoṣo, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Síbẹ̀ bàbá kò gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. (Ẹ má ṣí ìdérí radiétọ̀ tó gbóná láéláé! Omi inú rẹ̀ wà nínú ìfúnpá, á bẹ́ sí yín lójú. Ẹ má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ń jó, orí rẹ̀ lè sán.) Nígbà tó tutù, ó ṣí ìdérí, ó tan mọ́tò, ó tẹjú mọ́ omi. Bí tọ́pù-gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti jó, afẹ́fẹ́ iná inú sílíńdà á máa yọ sínú omi, omi á máa yọ ìfófòó láìdáwọ́ dúró. Kò yọ nǹkan kan. Ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Bí omi bá ti bá ọ́ìlì pò, ọ́ìlì á funfun bíi tíì onímílíìkì. Dúdú ló ṣì wà. Ó lọ sẹ́yìn, ó wo èéfín. Èéfín funfun tí kò tán nígbà tí mọ́tò ti gbóná, omi ló ń jó. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jẹ, ìyẹn ni rìngì tàbí ìdí fáàfù. Èyí tó dúdú, epo ló pọ̀ jù, kabúrétọ̀ ni kí wọ́n lọ bá wí. Èéfín ti màmá mọ́ tónítóní.

"Ẹ́ńjìnnì yìí kò kú," bàbá ní. "Ta ló ní ó kú?"

Fáànù 504 kì í ṣe fáànù lásán. Kì í fi gbogbo ìgbà yí. Mágínẹ́ẹ̀tì oníná kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbá a mú nígbà tí omi bá gbóná, tó sì máa ń fi í sílẹ̀ nígbà tí omi bá tutù, kó má baà máa jẹ agbára ẹ́ńjìnnì àti epo lásán. Kábọ́ọ̀nù kékeré kan ló ń gbé iná lọ bá mágínẹ́ẹ̀tì náà. Bàbá fa wáyà tààrà láti orí bátìrì wá síbẹ̀. Fáànù kò dáhùn. Ó tú kábọ́ọ̀nù náà jáde: ó ti jẹ tán, kò ju èékánná lọ mọ́. Nǹkan tó fẹ́ gba owó àjọ lọ́wọ́ opó nìyẹn!

Bàbá wá kábọ́ọ̀nù sítátà àlòkù kan, ó fi fáìlì fá a títí ó fi wọ ibẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ ra ojúlówó bí wọ́n bá rí i. Fáànù gbá mọ́ ọn, atẹ́gùn fẹ́ yìì. Wọ́n jẹ́ kí mọ́tò dúró lójú kan títí, abẹ́rẹ́ gèéjì kò kọjá àárín.

Ìgbà náà ló wá ní kí màmá ra tẹmosítáàtì. Màmá ní wọ́n ṣáà ní a kì í lò ó nílẹ̀ olóoru. Bàbá ní, "Ìyá mi, ẹ́ńjìnnì fẹ́ kí omi rẹ̀ wà ní nǹkan bí 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n ooru. Oòrùn Òkìtìpupa dé ibẹ̀?" Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in kì í tètè móoru, epo á máa ṣòfò, epo tí kò jó á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, rìngì á sì jẹ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àwọn tó ń yọ ọ́ sọnù pọ̀ nínú mẹkáníìkì wa. Ó yẹ kí wọ́n jáwọ́, kò sí àwíjàre kankan níbẹ̀. 

Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà, owó rẹ̀ kò tó owó àpò gàrí kan. Màmá kó àjọ rẹ̀, ó sì san owó ilé-ìwé.

Ti káfíńtà kan tí 504 tirẹ̀ wà nínú ọgbà bàbá náà kò rí bẹ́ẹ̀. Tọ́pù-gásíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ jó lóòótọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ṣí orí ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n sì fi sìpánà yí i kiri kí wọ́n lè rí píísítìnnì. Wọn ò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì Píjó yìí, àgbá irin mẹ́rin tí píísítìnnì ń sáré nínú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní sílíìfù, kò lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Omi ló yí wọn ká, orí ẹ́ńjìnnì ló tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣí orí rẹ̀, bí wọn ò bá fi bọ́ọ̀tì àti irin mú sílíìfù mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí i, wọ́n á gbéra sókè, ohun tó dí ìdí wọn á sì ya. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ya. Wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, wọ́n dé e padà. Wọn ò tilẹ̀ gbé orí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ alumíníọ̀mù ni, tó bá gbóná jù ó máa ń wọ́. Káfíńtà wà á lọ sí Ìlútitun. Omi ti ìdí sílíìfù wọ inú ọ́ìlì, bẹ́árìn jó, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Abẹ́rẹ́ gèéjì kò tilẹ̀ gòkè, nítorí omi ti tán níbi tí gèéjì ti ń mọ ooru, kò sí ohun tí yóò wọ̀n.

Káfíńtà kò mọ̀ pé ó yẹ kóun béèrè nǹkan kan. Àwọn pákó àga tí wọ́n ti san àsansílẹ̀ fún ṣì wà lẹ́yìn mọ́tò náà nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé.

Bàbá ti ránṣẹ́ sí Ládípọ̀ ní Múṣín pé kí wọ́n bá òun wá sílíìfù mẹ́rin pẹ̀lú píísítìnnì wọn. Ẹ̀yà ara 504 kò pọ̀ lọ́jà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mọ́tò náà wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, káfíńtà sì ń fi ọ̀kadà kó pákó.