Ta Ni Yóò San Owó Ilẹ̀kùn Ilé Ẹbí?

Bí ẹ bá bi ẹni tí ó kọ́ ilé tirẹ̀ pé eélòó ni ó ra ilẹ̀kùn iwájú ilé rẹ̀, yóò dá yín lóhùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ará ilé ẹbí ní Oríta-Mẹ́rin, ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba tàbí ní Beyerunka, yóò kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná. Kì í ṣe pé kò mọ iye owó. Ohun tí ó ń rò ni ẹni tí yóò san án, àti ohun tí ẹni náà yóò máa wí bí ó bá san án tán.

Mo ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ yìí nítorí pé agbo ilé wa ní Beyerunka ra ilẹ̀kùn tuntun ní ìparí ọdún 2024, èmi sì ni akọ̀wé ẹbí. Ọ̀dọ̀ mi ni ìwé ìṣirò wà.

Ilẹ̀kùn àtijọ́ náà, alápá méjì ni, igi ìrókò ni bàbá àgbà wa fi ṣe é. Ikán kò rí i jẹ, ṣùgbọ́n ó ti jẹ férémù tán, òjò tí ń ta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rà. Ní ìgbà òjò ó máa ń wú, àfi kí a fi èjìká tì í. Ní ìgbà ọyẹ́ ó máa ń sún kì, tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ ìta fi lè máa wo ohun tí à ń jẹ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. A fara da gbogbo èyí títí olè fi wọlé lóru ọjọ́ kan tí ó gbé fóònù méjì lọ. Nígbà náà ni Bàbá Mọ́gàjí pe ìpàdé.

Àbúrò mi kan wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lórí fóònù. Ó fi àwòrán ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn sí ilé rẹ̀ ránṣẹ́, gbogbo wa sì wò ó ní àwòtúnwò. Composite ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní ilẹ̀kùn àmúlùmálà, nítorí ohun tí ó jẹ́ gan-an nìyẹn: fíbà gíláàsì ni awọ rẹ̀ nínú àti lóde, fóòmù líle tàbí igi ni ó wà láàárín. Kì í wú lójò bí igi, otútù kì í sì ráyè gbà á wọlé. Èyí ni ó jẹ́ kí ó wúlò fún àwọn tí ń fi owó ńlá mú ilé wọn gbóná.

Àbúrò mi ní òun yóò ra ọ̀kan ní £950, òun yóò kó o sínú kọ̀ǹténà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe ìyọnu, òun nìkan ni yóò sanwó. A yìn ín, a sì ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn àdúrà ni a wá ṣírò. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, pọ́n-ùn kan kò tó ₦600 ní ilé ìfowópamọ́. Nígbà tí à ń ṣe ìpàdé yìí, ó ti lé ní ₦2,000. Bẹ́ẹ̀ ni £950 ṣe di nǹkan bí ₦2,000,000 kí ilẹ̀kùn tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. A kò tíì san owó ọkọ̀ òkun, a kò tíì san owó kọ́sítọ́ọ̀mù, gbẹ́nàgbẹ́nà kò sì tíì gbé òòlù.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn àmúlùmálà àti férémù rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe pọ̀, ní ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà tí oníbàárà bá fún wọn. Bí ẹnu ọ̀nà bá wọ́, a kò lè fi ìfági fá a bí a ti ń fá igi, nítorí bí a bá ti gé awọ rẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ògiri amọ̀ sì ni tiwa, òkè ẹnu ọ̀nà náà fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìwọ̀ oòrùn ni ó kọjú sí. Bí oòrùn bá sì ń pa irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ gidigidi, pàápàá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ó lè tẹ̀.

Ẹ má sì ṣe rò pé ohun tí ó bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá kò lè ní àbùkù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, iná jó ilé gogoro Grenfell ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, ènìyàn 72 sì kú. Nígbà tí wọ́n dán ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn àmúlùmálà ilé náà wò lẹ́yìn náà, èyí tí ó yẹ kí ó dá iná dúró fún ìṣẹ́jú 30, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni ó lò tí iná fi là á kọjá. Ìwé ẹ̀rí ilẹ̀kùn dára, ṣùgbọ́n ìwé kì í bá ènìyàn dènà iná.

Àwọn ọ̀dọ́ ilé wa ní tiwọn kò fẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀kùn Turkey ni wọ́n ń fẹ́, irin tí wọ́n fi ọ̀dà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí igi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn wà nínú wọn tí Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. ₦380,000 ni wọ́n pè é fún wa. Mo fi ìka kan ọ̀kan nínú àwọn tí kò wọ́n púpọ̀, ó dún bí agolo. Páálí tí wọ́n ká bí afárá oyin ni ó wà láàárín irin pẹlẹbẹ méjì. Òtítọ́ ni pé àwọn tí ó nípọn wà, owó tiwọn sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìyá Àgbà wí ni ó pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́. Ìyá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ní, "Mo sun ilé ọmọ mi kan tí ó ní irú ilẹ̀kùn yìí. Mo fẹ́ jáde láti ṣe àlùwàlá, kọ́kọ́rọ́ kò sí lára rẹ̀, mo fa irin, mo fa irin, kò ṣí. Bí iná bá sọ lóru ńkọ́, ta ni èmi yóò máa jí kí ó tó wá ṣílẹ̀kùn fún mi?"

Bàbá Mọ́gàjí ní kí a padà sí ìrókò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ayé ti kọjá ibẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ìtàn ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún Ògògà, ó sì gbẹ́ àwòrán òyìnbó aláṣẹ tí wọ́n gbé wá kí ọba sí i lára. Ní ọdún 1924 wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá ìjọba òyìnbó ní Wembley. Àwọn ará British Museum rí i, wọn kò sì fẹ́ kí ó padà mọ́. Ògògà kò fi í gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ni ó gbà dípò rẹ̀. Títí di òní, Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn náà wà. Bí òyìnbó bá lè fi ìtẹ́ ọba pààrọ̀ ilẹ̀kùn igi wa, kí ni ó dé tí àwa fúnra wa yóò fi máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Nígbẹ̀yìn gbogbo wa fi ẹnu kò sí ìrókò. A lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà. Ìrókò kò pọ̀ bí ti àtijọ́ mọ́, nítorí náà owó rẹ̀ gun òkè. Gbẹ́nàgbẹ́nà wa kọ pákó méjì sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ṣì tutù. Ó ní bí a bá kan igi tútù ní ìgbà òjò, yóò wọ́ bí ọyẹ́ bá dé. Ó kó èyí tí a rà sí abẹ́ òrùlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó fi ayùn kàn án.

Ẹ wo bí owó náà ṣe lọ. Pákó ìrókò, ₦120,000. Owó iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ₦100,000. Férémù tuntun, ₦70,000. Bíríkìlà tí ó tún etí ògiri ṣe tí ó sì gbé àtẹ́rígbà tuntun sókè, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì àti yanrìn, ₦95,000. Kọ́kọ́rọ́ àti hínjì, ₦45,000. Vánísì, ₦20,000. Owó ọkọ̀, ₦15,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦465,000. Ẹ ò rí i pé pákó àti owó iṣẹ́ rẹ̀, tí í ṣe ₦220,000, kò tó ìdajì owó náà. Ẹni tí ó bá béèrè iye ilẹ̀kùn nìkan lọ́jà, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó gbọ́.

Nígbà tí a ka àpapọ̀ yìí ní ìpàdé, ni ìjà gidi bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá àgbà wa fẹ́. Ẹ̀ka kan ní ọmọ mọ́kànlá tí ń ṣiṣẹ́ lónìí, èkejì ní mẹ́fà, ẹ̀kẹta ní méjì péré. Àwọn mọ́kànlá ní kí a pín owó ní ìdí-igi, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan san ₦155,000. Àwọn méjì fò sókè, wọ́n ní orí-ò-jorí ni ó tọ́. Ó pani lẹ́rìn-ín, nítorí pé bí ó bá jẹ́ pé owó ni a fẹ́ pín fún wọn, òdìkejì ni kálukú ìbá wí!

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe tuntun. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dànmọ́lé, lórí ogún bàbá kan ní Èkó tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọdún 1958, ó sì dé iwájú àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Wọ́n dá a pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí. Ogún ni ẹjọ́ yẹn dá lé lórí, kì í ṣe gbèsè, síbẹ̀ Bàbá Mọ́gàjí rí ọgbọ́n mú níbẹ̀.

Wọ́n ní ògiri àti férémù jẹ́ ti ilé, ilé sì jẹ́ ti ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà férémù, bíríkìlà àti owó ọkọ̀, ₦180,000, di ₦60,000 fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn, orí ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà ₦285,000 tí ó kù di ₦15,000 fún orí kọ̀ọ̀kan nínú àwa mọ́kàndínlógún. Ẹ̀ka olórí méjì san ₦90,000, ẹ̀ka olórí mẹ́fà san ₦150,000, ẹ̀ka olórí mọ́kànlá san ₦225,000. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tán, kò sì sí ẹni tí ó dìde kúrò ní ìpàdé.

Àbúrò mi tún pè láti Peckham pé òun lè san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Mọ́gàjí dúpẹ́, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi kò fi owó rẹ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dá ilẹ̀kùn rà ni yóò ní kọ́kọ́rọ́. Bí kì í bá ṣe ìwọ, àwọn ọmọ rẹ yóò sọ ọ́. San ₦15,000 bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ." Ó sì san án.

Ẹnìkan tún ní kí a yọ àwọn ọmọ ilé tí ó ti lọ sílé ọkọ kúrò nínú ìdáwó náà, pé kí ni ilẹ̀kùn wa kàn wọ́n? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ni ó dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ gba ₦15,000 mi. Lọ́jọ́ tí ọkọ bá ní kí n máa lọ, ẹnu ọ̀nà wo ni n óò gbà wọlé?" Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn méje nínú wa mọ́kàndínlógún ni wọ́n jẹ́ obìnrin tí ó wà nílé ọkọ, gbogbo wọn ni ó sì san owó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wọn ẹnu ọ̀nà lókè, láàárín àti nísàlẹ̀ kí ẹ tó náwó kankan. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà wo ògiri kí gbẹ́nàgbẹ́nà tó gé igi. Ẹ ra kọ́kọ́rọ́ tí a lè fi ọwọ́ lásán ṣí láti inú, kí arúgbó àti ọmọdé lè jáde lóru. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó dáwó àti iye tí ó dá sínú ìwé, kí ẹ sì kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn.

Kọ́kọ́rọ́ márùn-ún ni a gbẹ́ fún tiwa: ọ̀kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún Bàbá Mọ́gàjí, ọ̀kan fún àwọn ọmọ ilé tí ó wà nílé ọkọ. Pákó tí ó ṣì dára lára ilẹ̀kùn àtijọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà fi kan àga gbọọrọ kan sí ìloro, ibẹ̀ sì ni Ìyá Àgbà ń jókòó sí láràárọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ọwọ́ ara wọn ṣílẹ̀kùn.